Ta Ló Purọ́ fún Ẹ̀gbọ́n Mi?

Mo ní ẹ̀gbọ́n kan ládùúgbò wa. N kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí ó ṣì wà láyé, kì í sì í jẹ́ kí ìwé yìí fò ó lóṣù kan. A kò bá ara wa tan, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí a ti jọ ń gbé, débi pé bí nǹkan bá dé, ọ̀dọ̀ ara wa la kọ́kọ́ ń sá sí. Ẹni ọdún 53 ni nígbà tí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ó ti mu sìgá fún nǹkan bí ogún ọdún kó tó jáwọ́. Bàbá rẹ̀ kú lójijì láì tíì pé ọgọ́ta ọdún. Nígbà mìíràn tó bá sáré lé bọ́ọ̀sì, á ní àyà òun ń ṣe òun bákan.

Ìyàwó rẹ̀ yọ ọ́ lẹ́nu títí ó fi lọ ṣe àyẹ̀wò ọkàn ní ọsibítù kan. Wọ́n lẹ wáyà mọ́ ọn láyà, wọ́n ní kó gun orí ẹ̀rọ kan tí ilẹ̀ rẹ̀ ń yí lọ sẹ́yìn, kó máa rìn. Ó rìn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa sáré, ó làágùn, ó sọ̀kalẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n fún un ní pépà: wọn kò rí àmì àìsàn. Ó gbé pépà ọ̀hún wá sílé mi bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé ẹ̀rí. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú oríire. Ó ti parí nìyẹn. Ọkàn ọmọ ogún ọdún lẹ gbé sáyà." Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí ìyàwó mi fi ẹran kún ọbẹ̀.

Oṣù méje lẹ́yìn náà, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá alẹ́, ó pè mí lórí fóònù. Ó ní òun gun àtẹ̀gùn wọ ilé, àyà òun sì fún pinpin bí ẹni gbé ọlọ lé e. Apá òsì ń ro òun, òógùn tútù sì bo òun. Ó ní, "Àbúrò, kí lo rò pé ó lè jẹ́?"

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ohun tí mo fi dá a lóhùn, nítorí òun ló mú mi jókòó kọ ọ̀rọ̀ yìí. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fọkàn balẹ̀ jàre. Ṣebí ẹ ti ṣe àyẹ̀wò? Ẹ̀rọ ní kò sí nǹkan kan. Afẹ́fẹ́ inú lásán ni. Ẹ lo oògùn inú, kẹ́ ẹ sùn."

Ó dùbúlẹ̀. Ilẹ̀ mọ́ kí ìyàwó rẹ̀ tó fi tipátipá gbé e lọ sí ọsibítù. Ọlọ́run yọ ọ́, kò kú. Ṣùgbọ́n dókítà sọ fún wa pé ọ̀kan nínú àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ́ ọkàn ló dí, pé apá kan nínú ẹran ọkàn ti kú mọ́jú, àti pé ohun tó bá ti kú níbẹ̀ kì í jí mọ́. Ẹni tó ń gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì mẹ́ta tẹ́lẹ̀ láìsinmi, bó bá gun ọ̀kan báyìí, á di ògiri mú.

Láti ọjọ́ náà ni ìbéèrè kan kò ti jẹ́ kí n gbádùn. Ta ló purọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi? Ṣé ẹ̀rọ ni? Ṣé dókítà tó fọwọ́ sí pépà ni? Àbí èmi?

Iṣẹ́ tí wọ́n rán ẹ̀rọ

Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Kí a tó dá ẹ̀rọ lẹ́bi, ẹ jẹ́ ká mọ iṣẹ́ tí wọ́n rán an.

Ọkàn ló ń fún ẹ̀jẹ̀ sí gbogbo ara, ṣùgbọ́n òun náà ní láti jẹun. Àwọn iṣan kan wé mọ́ ọn lára tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ wá fún òun fúnra rẹ̀. Bí ọ̀rá bá ń lẹ̀ mọ́ inú àwọn iṣan yìí díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọ̀nà á máa há. Ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́ lè má mọ nǹkan kan. Ó dà bíi títì kan ní Èkó tí wọ́n ti gbẹ́ ìdajì rẹ̀. Ẹ gba ibẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, wẹ́rẹ́ lẹ ó kọjá. Ẹ dé ibẹ̀ ní aago méje àárọ̀ ọjọ́ Ajé, súnkẹrẹ fàkẹrẹ ni. Títì kan náà ni o. Ọkọ̀ tó pọ̀ ló tú àṣírí rẹ̀.

Ọgbọ́n tí àwọn dókítà dá nìyẹn: wọ́n fi iṣẹ́ kún iṣẹ́ fún ọkàn kí àṣírí lè tú. Ní ọdún 1929, dókítà ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Arthur Master ṣe àtẹ̀gùn kékeré onípele méjì tí ènìyàn ń gùn lọ gùn bọ̀, láti fi wọn agbára ọkàn. Ní ọdún 1963, Robert Bruce, ní yunifásítì Washington tó wà ní ìlú Seattle, gbé ọ̀nà tirẹ̀ jáde, èyí tí wọ́n ṣì ń lò káàkiri ayé. Ẹ̀rọ ìrìn ni. Ìrìn pẹ̀lẹ́ ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, kò tó kìlómítà mẹ́ta ní wákàtí kan, ṣùgbọ́n bí ẹni ń gun òkè. Bí ìṣẹ́jú mẹ́ta bá pé, ẹ̀rọ á yára sí i, òkè á sì ga sí i. Bí mẹ́ta mìíràn bá pé, bákan náà. Wọ́n fẹ́ kí ọkàn lù dé ìwọ̀n kan: wọn á yọ ọjọ́ orí ẹni náà kúrò nínú 220, wọn á wá mú 85 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tó kù. Fún ẹni ọdún 53, ìyẹn jẹ́ nǹkan bí ìgbà 142 ní ìṣẹ́jú kan.

Bí ẹni náà ti ń rìn, ẹ̀rọ mìíràn ń ya ìlà sórí pépà bí ọkàn ṣe ń lù. Bí ẹ̀jẹ̀ kò bá tó ọkàn lásìkò tí iṣẹ́ wọ̀ ọ́ lọ́rùn, apá kan nínú ìlà náà á rì. Bó bá rì tó mìlímítà kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́nà tí wọ́n mọ̀, wọn á ní àpẹẹrẹ àìsàn wà níbẹ̀. Bí kò bá rì, wọn á ní kò sí.

Ẹ kíyè sí i pé ẹ̀rọ kò rí inú iṣan ẹ̀jẹ̀ rárá. Kò wo ojú títì. Igbe àwọn awakọ̀ ló ń gbọ́ látòkèèrè, tó fi ń méfò pé ọ̀nà há.

Iyán ewùrà

Ẹ óò bi mí pé, báwo ni èfò náà ṣe ń ṣẹ sí? Ní ọdún 1989, àwọn olùwádìí kan kó ìwádìí 147 jọ, tí ènìyàn tó lé ní 24,000 wà nínú wọn. Gbogbo wọn ti gun ẹ̀rọ, wọ́n sì tún ti ya àwòrán inú iṣan ọkàn wọn kí wọ́n lè mọ òótọ́. Ohun tí wọ́n rí ni pé, nínú ọgọ́rùn-ún ẹni tó ní àìsàn yìí, ẹ̀rọ mú 68, ó jẹ́ kí 32 bọ́. Nínú ọgọ́rùn-ún ẹni tí iṣan rẹ̀ mọ́, ẹ̀rọ dá 77 láre, ó fẹ̀sùn kan 23.

Ìyẹn gan-an tún ní ìkọ́ nínú. Tẹ́lẹ̀, àwọn tí ẹ̀rọ bá ti fura sí ni wọ́n sábà máa ń ya àwòrán iṣan wọn, àwọn tí ẹ̀rọ dá láre ń lọ sílé. Ní ọdún 1998, Victor Froelicher àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde lórí 814 ọkùnrin tí àyà ń dùn, tí wọ́n ti gbà ṣáájú pé àwọn á ṣe méjèèjì, ohun yòówù kí ẹ̀rọ sọ. Nígbà náà ni wọ́n rí i pé 45 péré nínú ọgọ́rùn-ún aláìsàn ni ẹ̀rọ mú, ó sì dá 85 nínú ọgọ́rùn-ún ẹni tó lera láre.

Ìdí tó fi ń ṣì í pọ̀. Ẹni tó rẹ̀ kí ọkàn rẹ̀ tó lù dé ìwọ̀n kò tíì jẹ́ kí títì kún. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan wà tí kì í jẹ́ kí ọkàn yára, òun náà lè bo àṣírí mọ́lẹ̀. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ríru ti mú ẹran ọkàn rẹ̀ nípọn, ìlà rẹ̀ lè rì láìsí pé iṣan kankan dí. Ó sì ti pẹ́ tí wọ́n ti mọ̀ pé ẹ̀rọ yìí máa ń fẹ̀sùn èké kan obìnrin ju ọkùnrin lọ. Àwọn baba wa sọ ọ́ tẹ́lẹ̀: a kì í mọ̀ ọ́n gún, mọ̀ ọ́n tẹ̀, kí iyán ewùrà má lẹ́mọ.

Ejò àbí okùn?

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá jinlẹ̀ rèé. Bí ọmọdé kan bá sáré wọlé tó ń kígbe pé òun rí ejò, tó sì jẹ́ pé inú oko lẹ wà, àdá lẹ ó gbé. Bó bá jẹ́ pé lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kẹfà nínú báńkì ni, ẹ ó kọ́kọ́ bi í bóyá okùn ló rí. Ọmọ kan náà ni, ojú kan náà ló fi wò. Ohun tí ẹ ti mọ̀ nípa ibẹ̀ kó tó kígbe ló sọ bí igbe rẹ̀ ṣe wúwo tó.

Àlùfáà Gẹ̀ẹ́sì kan, Thomas Bayes, tó kú ní ọdún 1761, ló fi ìṣirò gbé irú èrò yìí kalẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ Richard Price ló gbé iṣẹ́ náà síta ní ọdún 1763. Ní ọdún 1979, George Diamond àti James Forrester, dókítà ọkàn ní Los Angeles, fi ìṣirò náà lé ọ̀rọ̀ àyẹ̀wò ọkàn lórí. Wọ́n ní kí ènìyàn tó gun ẹ̀rọ, kí dókítà kọ́kọ́ wo ọjọ́ orí rẹ̀, bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, àti irú ìrora àyà tó ń ṣe é, kó mọ bó ṣe ṣeé ṣe tó pé àìsàn wà níbẹ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ tó ní ìtumọ̀.

Ẹ mú bírò, ká ṣe é pọ̀ pẹ̀lú iye ti ọdún 1989 yẹn. Ẹ kó 1,000 ènìyàn jọ, àwọn ọ̀dọ́ tí àyà kò dùn rí. Ká sọ pé 50 péré ló ní àìsàn náà nínú wọn. Ẹ̀rọ á mú 34. Ṣùgbọ́n nínú 950 tí ara wọn dá ṣáṣá, á nàka sí nǹkan bí 219. Gbogbo ẹni tó fẹ̀sùn kàn jẹ́ 253, 34 péré ni ẹ̀sùn náà bá mu. Àwọn yòókù á lọ sílé pẹ̀lú ìbẹ̀rù, wọn á yá owó, wọn á jẹ́ kí wọ́n ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ inú iṣan wọn dé ọkàn, nítorí ejò tó jẹ́ okùn.

Ẹ kó 1,000 mìíràn jọ, àgbàlagbà tó ti mu sìgá, tí àyà ń fún mọ́ nígbàkígbà tí wọ́n bá gun òkè, tó sì ń tú bí wọ́n bá sinmi. Ká sọ pé 900 nínú wọn ló ní àìsàn. Ẹ̀rọ á mú 612, á jẹ́ kí 288 bọ́. Nínú 100 tó lera, á dá 77 láre. Àwọn tó gba pépà "kò sí nǹkan kan" jẹ́ 365. 288 nínú wọn ló gbé àìsàn lọ sílé pẹ̀lú pépà náà lápò.

Àwọn tó wà láàárín, tí kò dájú síhìn-ín tí kò dájú sọ́hùn-ún, ni ẹ̀rọ wúlò fún jù. Bó bá jẹ́ pé 500 nínú 1,000 ló ní àìsàn, ẹ̀rọ á fẹ̀sùn kan 455, yóò sì bá 340 mu. Á dá 545 láre, 160 nínú wọn sì ní àìsàn síbẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ mẹ́ta nínú mẹ́wàá.

Láàárín níbẹ̀ yẹn ni mo rò pé ẹ̀gbọ́n mi wà. Nígbà tí mò ń pariwo pé ọkàn ọmọ ogún ọdún ló gbé sáyà, bóyá mẹ́ta nínú mẹ́wàá irú rẹ̀ ló ń ru àìsàn kiri. Mo sọ mẹ́ta di òdo.

Ọkùnrin méjì ní Amẹ́ríkà

Ẹnìkan lè ní, "Bó bá rí báyìí, kí ni mò ń ṣe àyẹ̀wò fún?" Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn ọkùnrin méjì tí gbogbo Amẹ́ríkà mọ̀.

Àkọ́kọ́ ni James Fixx. Bàbá rẹ̀ ní àrùn ọkàn ní ọdún 35, ó sì kú ní 43. Fixx fúnra rẹ̀ sanra, ó ń mu sìgá, àfi ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí sá eré ìdárayá ní nǹkan bí ẹni ọdún 35. Ó fi sìgá sílẹ̀, ó fọn. Ìwé tó kọ nípa eré sísá ní ọdún 1977 tà ju mílíọ̀nù kan lọ. Dókítà Kenneth Cooper rọ̀ ọ́ pé kó gun ẹ̀rọ àyẹ̀wò nígbà tó wá sí ilé ìwòsàn òun ní Dallas. Kò gbà. Ní ọjọ́ 20, oṣù Keje, ọdún 1984, ó ń sáré lójú títì ní Hardwick, ní ìpínlẹ̀ Vermont, ó ṣubú, ó kú. Ẹni ọdún 52 ni. Nígbà tí wọ́n la òkú rẹ̀, iṣan ọkàn rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ti há burúkú. Bẹ́ẹ̀, irú àìsàn tó ti ran iṣan mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ni ẹ̀rọ máa ń rí jù.

Ìkejì ni Tim Russert, gbajúmọ̀ oníròyìn télifíṣọ̀n NBC. Òun ní tirẹ̀ kò kọ àyẹ̀wò. Dókítà rẹ̀ mọ̀ pé iṣan ọkàn rẹ̀ ní àìsàn bí kò tilẹ̀ dùn ún, ó ń lo oògùn, ó ń ṣe eré ìdárayá. Ní ọjọ́ 29, oṣù Kẹrin, ọdún 2008, ó gun ẹ̀rọ, ó yege. Ní ọjọ́ 13, oṣù Kẹfà, ọdún kan náà, ó ṣubú lẹ́nu iṣẹ́ ní Washington, ó sì kú. Ọjọ́ 45 péré ló wà láàárín. Ẹni ọdún 58 ni.

Kí ló ṣẹlẹ̀? Ọ̀rá tó lẹ̀ mọ́ inú iṣan rẹ̀ kan ló bẹ́, ẹ̀jẹ̀ sì dì lórí ojú egbò náà, ó dí ọ̀nà pa lẹ́ẹ̀kan náà. Láti nǹkan bí ọdún 1988 ni àwọn dókítà ti ń fi àwòrán hàn pé ọ̀pọ̀ ibi tó ń dí lójijì báyìí kì í ṣe ibi tó ti há jù tẹ́lẹ̀. Ẹ padà sójú títì wa. Ẹ̀rọ lè dúró síbẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, kó rí i pé ọkọ̀ ń lọ geere. Òtítọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n bí tánkà epo bá dojú dé ní ọ̀sán, ta ni yóò sọ pé aláàárọ̀ purọ́?

Fixx kò jẹ́ kí ẹlẹ́rìí sọ̀rọ̀. Ti Russert sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ náà sì lè jẹ́ òótọ́ lọ́jọ́ tó sọ ọ́, ṣùgbọ́n kò dé ọ̀la. Ẹlẹ́rìí ni àyẹ̀wò, kì í ṣe adájọ́. Ẹni tó lé ẹlẹ́rìí jáde ṣìṣe. Ẹni tó gbé e gun àga adájọ́ náà ṣìṣe.

Ta wá ni?

Kí ẹnìkan tó purọ́, ó ní láti sọ ohun tó ju èyí tó mọ̀ lọ bí ẹni pé ó dá a lójú. Ẹ̀rọ kò sọ jù bẹ́ẹ̀. Ohun tó sọ ni pé, "Lónìí, pẹ̀lú iṣẹ́ tí ẹ gbé lé ọkàn yìí, n kò rí ìlà tó rì." Ó tán. Bóyá ó fojú fo àìsàn tó wà níbẹ̀ ni o, bóyá tánkà ló ṣubú lẹ́yìn oṣù méje, kò sẹ́ni tó lè mọ̀ nísinsìnyí.

Dókítà ńkọ́? Lójú tèmi, ó jẹ ẹ̀gbọ́n mi ní gbólóhùn kan: "Bàbá, mélòó kan nínú irú yín tí ẹ̀rọ dá láre ṣì ń ní àìsàn, nítorí náà bí àyà bá fún yín, ẹ tètè wá." Gbólóhùn yìí kò gba ìṣẹ́jú kan. Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Wọ́n á ní aláìsàn kì í fẹ́ gbọ́ "bóyá," bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ló fẹ́. Pé bí ẹ bá sọ gbogbo iyèméjì fún un, kò ní sùn mọ́. Àwáwí náà kò burú, ṣùgbọ́n n kò gbà á. Ta ni Yorùbá tí kò mọ̀ pé bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, òun ló ń mú babaláwo dÍfá ọrọọrún? Ẹni tó lè gbé òwe yẹn lè gbé "bóyá." Ẹni tí wọ́n fi "bóyá" pamọ́ fún ni kì í mọ ìgbà tó yẹ kó sáré.

Àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ti rò ó. Ní ọdún 2010, ìgbìmọ̀ tó ń là á sílẹ̀ fún àwọn dókítà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, NICE, ní kí wọ́n má fi ìlà ẹ̀rọ ìrìn yìí nìkan sọ pé ẹnìkan ní àìsàn iṣan ọkàn tàbí kò ní. Wọ́n yíjú sí àwọn ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán. Ní Amẹ́ríkà, ìgbìmọ̀ ìjọba kan sọ ní 2012, ó tún un sọ ní 2018, pé kí wọ́n má fi í wá àìsàn kiri lára ẹni tí àyà kò dùn tí ewu rẹ̀ sì kéré. Kí àwọn iléeṣẹ́ wa tó ń fi àyẹ̀wò yìí ta ọgá wọn lọ́rẹ lọ́dọọdún fetí sí ìyẹn.

Síbẹ̀, kí ẹ má sọ ẹ̀rọ náà sílẹ̀. Ẹ̀rọ àwòrán kò sí ní gbogbo ọsibítù wa. Ohun kan sì wà tí ẹ̀rọ ìrìn mọ̀ dáadáa: bí agbára ẹni ṣe tó. Ní ọdún 2002, Jonathan Myers àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí jáde lórí 6,213 ọkùnrin tó ti gun ẹ̀rọ. Bí agbára ìrìn ènìyàn ṣe pọ̀ tó ló sọ bó ṣe pẹ́ láyé ju ohunkóhun mìíràn tí wọ́n wọ̀n lọ. Ìpele agbára kọ̀ọ̀kan tí ẹnìkan fi ju ẹnìkejì lọ fi nǹkan bí 12 nínú ọgọ́rùn-ún dín ewu ikú rẹ̀ kù. Ìlà tó rì ni àwa ń bi í, ẹsẹ̀ tó rìn ló ń fi ìdáhùn rẹ̀ tó dára jù sọ.

Ó wá kù mí. Èmi tí n kò ka ìwé ìṣègùn rí, èmi ni mo gba ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí kan tó ti pé oṣù méje, mo fi pa ẹnu ẹlẹ́rìí mìíràn tó ń ké lóru ọjọ́ yẹn. Àyà tó fún, apá tó ń ro, òógùn tútù: ẹlẹ́rìí mẹ́ta rèé tí kò nílò wáyà kankan. Mo ní kí wọ́n dákẹ́ nítorí pépà. Kì í ṣe pé mo fẹ́ ibi fún un. Mo fẹ́ kó sùn ni, kí èmi náà sì sùn. Ọ̀pọ̀ irọ́ tí à ń pa fún àwọn tí a fẹ́ràn, bó ṣe rí nìyẹn: ìtura ara wa la ń wá, a wá ń pè é ní ìtùnú fún wọn.

Nítorí náà, ẹ̀yin ènìyàn mi, mo bẹ̀ yín. Kí ẹ tó gun ẹ̀rọ, ẹ bi dókítà pé, "Kí ẹ tó wò mí rárá, báwo lẹ ṣe rò pé ó ṣeé ṣe tó?" Bí ẹ bá sọ̀kalẹ̀, ẹ bi í pé, "Báwo ni ọ̀rọ̀ yìí ṣe yí ohun tí ẹ rò tẹ́lẹ̀ padà?" Kí pépà "kò sí nǹkan kan" má di ìwé àṣẹ láti padà sídìí sìgá tàbí láti ju oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru nù. Kí pépà "ó wà níbẹ̀" má di ìwé ikú, nítorí okùn lè jẹ́ okùn. Bí àyà bá fún yín lóru, ẹ jẹ́ kí pépà ti oṣù méje sẹ́yìn wà nínú dúrọ́ọ̀, kẹ́ ẹ gba ọsibítù lọ.

Mo ti lọ tọrọ àforíjì lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi. Ó wò mí títí, ó ní, "Àbúrò, ṣé o rò pé ìwọ nìkan ni? Èmi náà fẹ́ gbọ́ ohun tó o sọ ni mo ṣe pè ọ́. Dókítà ni ǹ bá pè."